Ọkàn àti Ẹ̀mí nínú Bíbélì Yorùbá

Opó kan ní Ajégúnlẹ̀ tọ̀ mí wá pẹ̀lú omijé. Oníwàásù kan ti sọ fún un pé ẹ̀mí ọkọ rẹ̀ padà sọ́dọ̀ Ọlọ́run, ṣùgbọ́n pé ọkàn rẹ̀ ṣègbé, nítorí ọ̀tọ̀ ni ọkàn, ọ̀tọ̀ sì ni ẹ̀mí. Kí n tó sọ èsì tí mo fún un, ẹ jẹ́ kí a wo ẹni tí ó fi ọ̀rọ̀ méjèèjì yìí sínú ìwé wa.

Ní oṣù kẹrin ọdún 1822, láti Èkó, tí Àpápá wà ní òdìkejì omi rẹ̀, ni a ti kó ọmọkùnrin ará Òṣogùn kan sínú ọkọ̀ ẹrú àwọn Potogí. Ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì gbà á sílẹ̀ lójú òkun, a sì mú un lọ sí Sàró. Samuel Àjàyí Crowther ni ọmọ náà. Ní 1843 ó tẹ ìwé àkójọ ọ̀rọ̀ Yorùbá jáde. Ní 1850, Ìwé sí àwọn ará Róòmù. Ní 1884, pẹ̀lú iṣẹ́ Thomas King àti àwọn mìíràn, odindi Bíbélì pé.

Ìṣòro wọn kò kéré. Hébérù ní nefeṣ àti ruah. Gíríkì ní psyche àti pneuma. Ruah jẹ́ èémí àti afẹ́fẹ́. Àwa náà ní ẹ̀mí nítorí pé a ń mí. Èyí bára mu bí igbá àti ọmọrí rẹ̀. Ṣùgbọ́n nefeṣ jẹ mọ́ ọ̀fun, àti gbogbo ẹ̀dá alààyè. Ọkàn tiwa sì ni ohun tí ń lù kìkì ní àyà, tí a fi ń rò, tí ó ń bàjẹ́, tí ó sì ń balẹ̀. Wọ́n fi ọkàn dúró fún nefeṣ, wọ́n sì fi àyà pe ibi tí ìfẹ́ ń gbé.

Síbẹ̀ wọn kò lè pa ààlà náà mọ́. Nínú Orin Dáfídì 51:10, ruah ni Hébérù kọ, ọkàn ni Bíbélì wa kọ. Nínú Jòhánù 10, psyche ni Olùṣọ́-àgùntàn Rere fi lélẹ̀, ẹ̀mí sì ni tiwa wí. Èmi kò ka èyí sí àṣìṣe. Bí wọ́n bá kọ ọ́ pé ó fi ọkàn rẹ̀ lélẹ̀, a ó rò pé ó fara balẹ̀ ni!

Àwọn Ìgbò aládùúgbò wa ní Ajégúnlẹ̀ ń pe ọkàn ní mkpụrụ obi, èyíinì ni kóró àyà, wọ́n sì ń pe ẹ̀mí ní mmụọ, orúkọ tí àwọn baba wọn fi ń pe àwọn ará ọ̀run. Ààlà tiwọn kì í ṣe tiwa.

Pọ́ọ̀lù dárúkọ ẹ̀mí, ọkàn àti ara papọ̀ sí àwọn ará Tẹsalóníkà, òtítọ́ ni. Ṣùgbọ́n Apollinaris, bíṣọ́ọ̀bù Laodíkíà, pín ènìyàn bẹ́ẹ̀ títí ó fi kọ́ni pé Kristi kò ní ẹ̀mí ènìyàn, pé Ọ̀rọ̀ Ọlọ́run ni ó gba ipò rẹ̀. Àpérò ìjọ ní Konstantinópù dá a lẹ́bi ní 381.

Mo ka ibi méjì fún opó náà. Nínú Oníwàásù 12:7, ẹ̀mí ni ó padà sọ́dọ̀ Ọlọ́run. Nínú Ìfihàn 6:9, ọkàn àwọn tí a pa ni Jòhánù rí lábẹ́ pẹpẹ, níwájú Ọlọ́run kan náà. Ó ní kí n tún un kà.