Ère, Eré, Èrè: Ìtàn Àwọn Tó Ń Kun Ọmọ Ogun Orí Tábìlì

Ẹni tó bá gbọ́ Yorùbá mọ̀ pé ère, eré àti èrè kì í ṣe ọ̀rọ̀ kan náà. Ère ni ohun tí wọ́n gbẹ́ tàbí tí wọ́n rọ. Eré ni ohun tí à ń ṣe nígbà tí iṣẹ́ bá tán. Èrè ni ohun tó kù sí oníṣòwò lọ́wọ́ lẹ́yìn tó bá yọ owó tó fi ra ọjà. Nǹkan kan wà tó kó mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀ sójú kan: àwọn ọmọ ogun kékeré, dírágónì, oṣó àti iwin tí àwọn èèyàn ń fi ọwọ́ kùn lọ́dà, tí wọ́n ń tò sórí tábìlì, tí wọ́n ń ju dáìsì láti fi wọ́n jagun. Èyí tó bá jẹ́ èèyàn nínú wọn kì í sábà ga ju mìlímítà 28 sí 32 lọ. Ẹ lè to mẹ́ta sórí àtẹ́lẹwọ́. Síbẹ̀, ẹnì kan lè lo odindi òpin ọ̀sẹ̀ lórí ọ̀kan ṣoṣo, kó máa wá bí òjìji ṣe máa jókòó dáadáa sábẹ́ àgbọ̀n rẹ̀.

Ọ̀pọ̀ ìtàn nípa eré yìí, orí òfin eré ni wọ́n ń dá lé: ta ló kọ ìwé wo, lọ́dún wo. Àwa fẹ́ gba ọ̀nà mìíràn. Ọwọ́ tó di búrọ́ọ̀ṣì mú la fẹ́ wò. Ta ló ń kun àwọn ère yìí, kí ló sì ń rí gbà níbẹ̀? Láàárín nǹkan bí igba ọdún, ìdáhùn ìbéèrè yẹn ti dorí kodò, ó sì tún fẹ́ yí padà.

Nuremberg: ìwọ̀n ni wọ́n fi ń tà á

Ká bẹ̀rẹ̀ ní Nuremberg, ní gúúsù Jámánì. Ní ìdajì kejì ọ̀rúndún 18, ìdílé kan tó ń jẹ́ Hilpert, tí iṣẹ́ wọn jẹ́ tánńganran rírọ, bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ọmọ ogun pẹlẹbẹ fún títà. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyí: wọ́n á gbẹ́ àwòrán ọmọ ogun sínú òkúta síléètì méjì, wọ́n á pa òkúta méjèèjì dé, wọ́n á wá da tánńganran yíyọ́ sáàárín wọn. Tó bá tutù, ọmọ ogun á jáde, pẹlẹbẹ bíi kọ́bọ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì á sì dúró lórí pèpéle kékeré kan. Nígbà tó yá, iléeṣẹ́ Ernst Heinrichsen, tó bẹ̀rẹ̀ ní 1839, sọ gíga mìlímítà 28 sí 30 di òṣùwọ̀n tí àwọn yòókù ń tẹ̀lé. Àwọn tó ń ta ère lónìí kò tíì jìnnà sí òṣùwọ̀n yẹn.

Àmọ́ tánńganran lásán kò jọ ọmọ ogun. Ó gbọ́dọ̀ ní ẹ̀wù, ó gbọ́dọ̀ ní ṣòkòtò. Ibí ni búrọ́ọ̀ṣì ti wọlé. Wọ́n máa ń kó ère lọ sílé àwọn obìnrin tálákà nínú ìlú àti agbègbè rẹ̀, ìyá àtàwọn ọmọ á jókòó yí tábìlì ká, wọ́n á máa kùn. Iye tí wọ́n bá kùn ni wọ́n máa gba owó lé, owó náà ò sì tó nǹkan. Àwọn àgbà ní ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ, tàgbàlagbà ò wọ kèrègbè. Ní Nuremberg, ọwọ́ méjèèjì ni wọ́n ní láti fi ṣiṣẹ́ kí ilé tó jẹun.

Tí ère bá ti gbẹ, wọ́n á kó o sínú àpótí tí wọ́n fi igi fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ṣe, ìwọ̀n ni wọ́n sì fi ń tà á. Ẹ ronú sí i díẹ̀. Lórí òṣùwọ̀n, tánńganran ló ń fara hàn. Ọ̀dà kò wúwo. Iṣẹ́ ọwọ́ ìyá àtọmọ wà lójú gbogbo ẹni tó ra ọjà, kò sì sí lórí òṣùwọ̀n rárá.

Nínú irú iṣẹ́ àgbàṣe bẹ́ẹ̀, kò sáyè fún òjìji. Ẹ̀wù búlúù, ṣòkòtò funfun, àmì pupa kan ní ẹ̀rẹ̀kẹ́, ó parí, gbé òmíràn wá. Ẹni tí wọ́n ń sanwó fún lórí iye kò lè dúró wo bí ìmọ́lẹ̀ ṣe ń bọ́ sórí èjìká. Bó ṣe rí náà nìyẹn ní London, nígbà tí iléeṣẹ́ William Britain bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ọmọ ogun oníhò nínú ní 1893. Ọgbọ́n tí wọ́n dá ni pé wọ́n á da irin yíyọ́ sínú àwòṣe, wọ́n á sì tètè da èyí tí kò tíì dì nínú rẹ̀ padà síta. Irin tí wọ́n ń lò dín kù, owó ọjà wálẹ̀, wọ́n sì gba ọjà mọ́ àwọn ará Jámánì lọ́wọ́. Ọgbọ́n náà yí irin padà. Kò yí búrọ́ọ̀ṣì padà: àwọn obìnrin ló ṣì pọ̀ jù nídìí ọ̀dà, àwọ̀ kọ̀ọ̀kan sì rèé, ó ń dán, kò ní òjìji.

Nígbà tí àgbàlagbà bẹ̀rẹ̀ eré

Lákòókò kan náà, àwọn àgbàlagbà ti ń wá ọ̀nà láti fi ère ṣe eré gidi. Ní ilẹ̀ Prussia, Georg Leopold von Reisswitz gbé tábìlì ogun kan kalẹ̀ fún ọba ní 1812. Ní 1824, ọmọ rẹ̀, tó jẹ́ ọ̀gá ṣọ́jà, tún òfin rẹ̀ ṣe fún kíkọ́ àwọn ọ̀gá ogun. Níbẹ̀, ègé kékeré ni ọmọ ogun, ìhà kan pupa, ìhà kejì búlúù. Àwọ̀ kò ní iṣẹ́ mìíràn ju kó sọ ẹni tó jẹ́ tèmi àtẹni tó jẹ́ tìẹ. Ní 1913, òǹkọ̀wé Gẹ̀ẹ́sì náà H. G. Wells gbé ìwé Little Wars jáde, ó fi òfin sí eré tí àgbàlagbà lè fi ọmọ ogun ohun ìṣeré ta lórí ilẹ̀ yàrá. Ọmọ ogun tí Wells ń lò, tòun ti ọ̀dà ni wọ́n ń tà á.

Ìyípadà dé lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì. Ní Amẹ́ríkà, láàárín ọdún 1950 sí 1960, Jack Scruby ní California bẹ̀rẹ̀ sí í rọ ère fún àwọn tó ń ta eré ogun, òróró irin lásán ló sì ń tà fún wọn. Ẹni tó bá rà á ni yóò kùn ún. Ní 1971, Gary Gygax àti Jeff Perren gbé òfin eré kan tó ń jẹ́ Chainmail jáde, apá kan nínú rẹ̀ sì kún fún oṣó àti dírágónì. Ní 1974, Gygax àti Dave Arneson mú Dungeons & Dragons jáde. Ère iwin kò pọ̀ lọ́jà nígbà náà. Gygax àtàwọn tó ń bá a ta eré ra ẹranko rọ́bà olówó pọ́ọ́kú tí wọ́n ṣe ní Hong Kong, wọ́n fún wọn lórúkọ, wọ́n sì fún wọn ní agbára. Ẹranko tó ní orí òwìwí lára béárì, tí gbogbo ẹni tó ń ta eré náà mọ̀ títí dòní, inú irú ọ̀rá yẹn ló ti jáde.

Ní London, wọ́n dá Games Workshop sílẹ̀ ní 1975. Iléeṣẹ́ Citadel tó ń rọ ère tẹ̀ lé e, eré Warhammer jáde ní 1983, Warhammer 40,000 sì jáde ní 1987. Lọ́dún 1987 yẹn kan náà ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ ìdíje Golden Demon, tí ẹni tó bá kun ère jù ń gba idà ńlá kan lọ sílé.

Ẹ wo bí nǹkan ti yí padà. Ní Nuremberg, wọ́n ń sanwó táṣẹ́rẹ́ fún obìnrin kó bá wọn kun ère. Ní Nottingham, èèyàn ń fi owó ara rẹ̀ ra ère, ó ń fi owó ra ọ̀dà, ó ń fi owó ra búrọ́ọ̀ṣì, kó lè jókòó ṣe iṣẹ́ kan náà lọ́fẹ̀ẹ́. Ohun tó jẹ́ ìṣẹ́ fún ìyá kan ti di fàájì fún ẹlòmíràn. Ohun tó fà á kò le: nígbà tí ẹnikẹ́ni kò ka iye mọ́ ọ lọ́wọ́, o láyè láti wò. Ibi tí wíwò ti bẹ̀rẹ̀ ni òjìji ti wọlé.

Ìdí tí ère kékeré fi nílò òjìji

Ẹnì kan lè bi wá pé: ṣebí ère ní ara, ṣebí ìmọ́lẹ̀ ń bọ́ sórí rẹ̀, kí ló dé tí ẹ tún ń fi ọ̀dà ya òjìji sí i? Ẹ jẹ́ ká fi ìṣirò dáhùn. Èèyàn tó ga ní mítà 1.7 fi nǹkan bí ọgọ́ta ìgbà tóbi ju ère mìlímítà 28 lọ. Tí gílóòbù yàrá yín bá fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 10, lójú ère yẹn, bíi fìtílà tó fẹ̀ ní mítà mẹ́fà ni. Ìmọ́lẹ̀ tó tóbi tó bẹ́ẹ̀ máa ń yí nǹkan ká, kì í jẹ́ kí òjìji ṣú. Ìṣẹ́po aṣọ lára ère náà kò sì jìn tó mìlímítà kan. Tí ẹ bá wá gbé e sí sẹ̀ǹtímítà 60 sí ojú, bí ẹni ń wo èèyàn gidi láti mítà 36 ni. Láti ibẹ̀, ẹ̀wù pupa á kàn jẹ́ pupa, ojú á dà bí ẹyin tí wọ́n bó. Akunre gbọ́dọ̀ fi ọwọ́ ya ohun tí ìmọ́lẹ̀ kọ̀ láti ṣe.

Ọ̀nà kan ò wọ ọjà, àwọn akunre sì ní ọ̀nà mélòó kan. Omi ọ̀dà ni àkọ́kọ́: wọ́n á fi omi la ọ̀dà dúdú tàbí ti àwọ̀ ilẹ̀ títí yóò fi ṣàn, wọ́n á fi pa gbogbo ara ère, á sì ṣàn lọ jókòó sínú kọ̀rọ̀. Búrọ́ọ̀ṣì gbígbẹ ni ìkejì: wọ́n á nu ọ̀dà kúrò lẹ́nu búrọ́ọ̀ṣì títí yóò fi kù díẹ̀ bíńtín, wọ́n á wá máa fi gbá orí ibi tó yọ síta, bí irun àti etí ìhámọ́ra. Ìkẹta gba sùúrù: ìpele lórí ìpele, àwọ̀ kan náà tó ń mọ́lẹ̀ sí i díẹ̀díẹ̀ bó ṣe ń gòkè. Àwọn mìíràn á kọ́kọ́ fín dúdú sí gbogbo ara ère, wọ́n á sì fín funfun láti òkè nìkan, bí ẹni pé oòrùn ọ̀sán gangan ló ń ràn sórí rẹ̀.

Òjìji inú ìgò

Kò pẹ́ tí ọgbọ́n ọwọ́ fi di ọjà. Àwọn ará Amẹ́ríkà kan ń po ọ̀dà mọ́ oje tí wọ́n fi ń dán ilẹ̀ pálọ̀, torí pé ó ń ṣàn wọ kọ̀rọ̀ dáadáa. Àwọn kan tiẹ̀ ń ti odindi ère bọ inú fáníìṣì aláwọ̀ tí àwọn káfíńtà ń lò, wọ́n á gbọ̀n ọ́n, ó parí. Ní 2007, wọ́n dá iléeṣẹ́ The Army Painter sílẹ̀ ní Denmark, wọ́n sì ń ta irú fáníìṣì bẹ́ẹ̀ sínú agolo fún akunre. Citadel náà gbé omi ọ̀dà tuntun jáde, àwọn èèyàn sì fẹ́ràn Devlan Mud débi pé wọ́n ń pe irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ní ẹ̀bùn àbínibí inú ìgò. Ní 2019, ọ̀dà Contrast dé: ìpele kan ṣoṣo, àwọ̀ àti òjìji á jáde pa pọ̀.

Ìjà sì dé. Àwọn kan ní ìrẹ́jẹ ni, pé ẹni tí kò kọ́ ìpele lórí ìpele kì í ṣe akunre. Àwa tó ń kọ kóòdù mọ ìjà yìí dáadáa. Bí wọ́n ṣe máa ń sọ nìyẹn nígbàkúùgbà tí iṣẹ́ ọjọ́ mẹ́ta bá di ìlà kan nínú kóòdù ẹlòmíràn. Ní 2007 kan náà, iléeṣẹ́ Crytek ní Jámánì fi ọgbọ́n kan sínú gémù Crysis: kọ̀ǹpútà á máa wo ibi tó bá jẹ́ kọ̀rọ̀ lójú ẹ̀rọ, á sì mú un ṣú díẹ̀. Irú ọgbọ́n yẹn wà nínú ọ̀pọ̀ gémù tí à ń ta lónìí. Omi ọ̀dà inú kọ̀rọ̀ ère ni wọ́n fi ìṣirò ṣe. Kò sẹ́ni tó pe ìyẹn ní ìrẹ́jẹ.

Lójú tiwa, òjìji inú ìgò kò ba nǹkan kan jẹ́. Ó jẹ́ kí ọmọ ọdún méjìlá lè rí ère tirẹ̀ kó wú u lórí lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Ohun tó yẹ kó kàn wá wà níbòmíràn.

Ọwọ́ ta ni?

Èrè ti ń padà wá sídìí búrọ́ọ̀ṣì. Ọ̀pọ̀ ẹni tó ń ta eré yìí ní owó lọ́wọ́, wọn ò ní àkókò, nítorí náà wọ́n ń fi ère ránṣẹ́ sí ẹni tó máa bá wọn kùn ún. Iléeṣẹ́ wà ní Sri Lanka tó ń ṣe iṣẹ́ yìí fún àwọn oníbàárà ilẹ̀ òkèèrè. Orí ère kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń dá owó lé. Ẹni tó bá fẹ́ òjìji ìpele lórí ìpele á san jù ẹni tó fẹ́ omi ọ̀dà lásán lọ. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín èyí àti Nuremberg nìyẹn: òjìji ti ní iye tirẹ̀ báyìí, ó ti wà lórí òṣùwọ̀n.

Ohun kan ṣì kù. Orúkọ Hilpert wà nínú ìwé ìtàn, ti Heinrichsen wà níbẹ̀, ti Britain náà wà níbẹ̀. Àwọn tó gba Golden Demon, orúkọ wọn ń jáde nínú ìwé ìròyìn, tòun ti fọ́tò ère wọn. Àwọn obìnrin àtọmọ tó kun ọmọ ogun Nuremberg, ère tí ọwọ́ wọn kàn wà nínú gíláàsì ní ilé ọnà, ẹ ó ka orúkọ ẹni tó rọ irin lára pátákó ìsàlẹ̀ rẹ̀. Ẹ ò ní rí orúkọ ẹni tó fi àmì pupa sí ẹ̀rẹ̀kẹ́.

Ọ̀pọ̀ nínú àwa ọ̀dọ́ tó ń jẹun nídìí kọ̀ǹpútà lónìí, iṣẹ́ àgbàṣe là ń ṣe fún oníbàárà tí a ò rí rí, wọ́n ń sanwó fún wa lórí iye, orúkọ wa kì í sì í sí lára ọjà tó bá jáde. A ò sọ pé ká má gba iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, ilé gbọ́dọ̀ jẹun. Ohun tí à ń sọ ni pé àwọn akunre òde òní ti ní àṣà kan tó dára: wọ́n ń yí ère wọn dojú dé, wọ́n ń fi búrọ́ọ̀ṣì tó tín-ín-rín jù kọ orúkọ àti ọdún sábẹ́ pèpéle rẹ̀, kí wọ́n tó gbé e fún ẹni tó ni ín.