Nígbà tí wọ́n fi ẹ̀sùn èké gbéni dé ẹ̀wọ̀n: ẹ̀tọ́ ẹlẹ́wọ̀n láti pe òṣìṣẹ́ ìjọba lẹ́jọ́

Àwa tí à ń gbé ní Ìlasàn máa ń pe orúkọ Alhaji Lateef Káyọ̀dé Jákàńdè lójoojúmọ́, torí orúkọ rẹ̀ ni ẹ̀sítéètì wa ń jẹ́. A mọ̀ ọ́n sí gómìnà tó kọ́lé fún mẹ̀kúnnù tó sì kọ́ ilé-ìwé láàárín 1979 sí 1983. Ohun tí ọ̀pọ̀ àwọn ọmọ wa kò mọ̀ ni pé òun fúnra rẹ̀ ti ṣẹ̀wọ̀n rí. Nínú ẹjọ́ ìdìtẹ̀ sí ìjọba tí wọ́n bá Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe, kóòtù rán Jákàńdè lọ sí ẹ̀wọ̀n ọdún 7 ní 1963. Ọdún 1966 ni ìjọba Gowon dá wọn sílẹ̀. Nígbà tí àwọn sójà tún gbàjọba ní ìparí 1983, wọ́n tún tì í mọ́lé.

Nítorí náà, kì í ṣe ọ̀daràn nìkan ló ń dé ẹ̀wọ̀n. Ìbéèrè tí àwọn ìdílé sábà máa ń bi wá ni pé: bí ẹni wa bá jẹ̀yà lórí ẹ̀sùn èké, tàbí bí wọ́dà tàbí ọlọ́pàá bá di ẹ̀sùn lé e lórí nígbà tó wà ní àtìmọ́lé, ṣé ó lè pe wọ́n lẹ́jọ́? Bẹ́ẹ̀ ni, ó lè ṣe é. Ṣùgbọ́n ó ní ọ̀nà, ó sì ní àkókò.

Kí là ń pè ní ẹjọ́ àránkàn?

Kì í ṣe gbogbo ẹni tí wọ́n mú tí kóòtù sì dá sílẹ̀ ló lè sọ pé wọ́n fi àránkàn pe òun lẹ́jọ́. Ọlọ́pàá lè ṣe iṣẹ́ rẹ̀ tọkàntọkàn kí ẹ̀rí má sì tó. Ẹjọ́ àránkàn ni èyí tí ẹnì kan gbé lọ sí kóòtù nígbà tó mọ̀ pé kò sí ìdí gidi níbẹ̀, àmọ́ tó fẹ́ gbẹ̀san, tó fẹ́ gba owó, tàbí tó fẹ́ fi bo ohun tí òun fúnra rẹ̀ ṣe.

Nínú ọgbà ẹ̀wọ̀n, bí irú ẹ̀sùn bẹ́ẹ̀ ṣe máa ń rí nìyí: ẹlẹ́wọ̀n fi ẹjọ́ sùn pé wọ́dà na òun. Kò pẹ́, wọ́dà ní ẹlẹ́wọ̀n ló kọ́kọ́ lu òun, tàbí pé òun bá ohun tí òfin kò gbà lábẹ́ ibùsùn rẹ̀. Wọ́n á wá gbé ẹlẹ́wọ̀n lọ sí kóòtù lórí ẹ̀sùn tuntun. Bí ẹni tó wá fẹjọ́ sùn ṣe di ẹni tí wọ́n ń bá ṣẹjọ́ nìyẹn.

Òpó mẹ́rin tí ẹjọ́ náà dúró lé

Àwọn ilé-ẹjọ́ wa, títí dé ilé-ẹjọ́ tó ga jùlọ ní Nàìjíríà, ti là á sílẹ̀ pé ohun mẹ́rin ni olùpẹjọ́ gbọ́dọ̀ fi ẹ̀rí gbè lẹ́sẹ̀. Bí ọ̀kan bá wó, gbogbo rẹ̀ wó nìyẹn.

1. Pé ẹni tí ó ń pè lẹ́jọ́ yìí gan-an ló gbé ẹjọ́ ọ̀ràn dìde sí i. Ẹni tó kàn sọ ohun tó rí fún ọlọ́pàá, tí ọlọ́pàá sì fi ojú ara wọn wádìí, kò sí nínú èyí.
2. Pé ẹjọ́ náà parí sí rere fún un: kóòtù dá a láre, tàbí wọ́n tú ẹjọ́ ká.
3. Pé kò sí ìdí tó mọ́gbọ́n dání tí wọ́n fi gbé ẹjọ́ náà lọ.
4. Pé àránkàn ló wà nídìí rẹ̀, kì í ṣe ìfẹ́ láti rí i pé òfin ṣiṣẹ́.

Òpó kejì ló máa ń ṣẹ́ mọ́ ẹlẹ́wọ̀n lọ́wọ́. Bí ìdájọ́ ẹ̀bi bá ṣì wà lórí rẹ̀ lórí ẹ̀sùn náà, kò tíì lè gba owó gbà-má-bínú. Ó ní láti kọ́kọ́ lọ sí ilé-ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn kí wọ́n yí ìdájọ́ náà padà. Àmọ́ ẹ fiyè sí èyí: bí ó bá ń ṣẹ̀wọ̀n lórí ọ̀ràn kan, tí wọ́dà sì di ẹ̀sùn mìíràn lé e lórí, tí kóòtù sì dá a láre lórí ẹ̀sùn kejì yẹn, ẹ̀wọ̀n àkọ́kọ́ tó ṣì ń ṣe kò dí i lọ́wọ́ láti pẹjọ́ lórí ẹ̀kejì.

Ẹlẹ́wọ̀n kò pàdánù gbogbo ẹ̀tọ́ rẹ̀

Àwọn kan rò pé tí wọ́n bá ti ti ilẹ̀kùn mọ́ èèyàn, òfin ti kọ̀ ọ́ sílẹ̀. Bẹ́ẹ̀ kọ́ o. Ní 1996, nínú ẹjọ́ kan tí ẹni tí wọ́n ti dá ẹjọ́ ikú fún pe Agbẹjọ́rò Àgbà Ìpínlẹ̀ Èkó, ilé-ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn sọ pé níwọ̀n ìgbà tí ẹ̀mí rẹ̀ ṣì wà, ẹ̀tọ́ rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí èèyàn ṣì wà, ó sì lè wá sí kóòtù lórí bí wọ́n ṣe ń ṣe sí i. Bí ẹni tó ń retí ikú bá ní ẹ̀tọ́ yìí, kí la fẹ́ sọ nípa ẹni tó ṣì ń dúró de ìdájọ́?

Ṣáájú ìgbà náà, ní 1969, ìjọba ológun ti lọ́yà Mojeed Agbájé mọ́lé ní Ìwọ̀ Oòrùn. Ó gbé ọlọ́pàá lọ sí kóòtù, adájọ́ sì pàṣẹ pé kí wọ́n tú u sílẹ̀. Ìjọba pe ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn, wọ́n tún pàdánù. Ní àkókò ìbọn àti àṣẹ ológun, kóòtù ṣì sọ pé ẹni tó bá fẹ́ gba òmìnira ọmọ ènìyàn gbọ́dọ̀ fi hàn pé òun tẹ̀lé òfin.

Èyí tó lókìkí jùlọ ni ti Olóyè Gani Fáwẹ̀hìnmi, ọmọ Oǹdó, ọmọ ìdílé Mùsùlùmí. Ní àárọ̀ ọjọ́ 30, oṣù kìíní, 1996, àwọn ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́ SSS àti ọlọ́pàá mú un nílé rẹ̀ láìsí ìwé àṣẹ, láìsọ ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ fún un. Wọ́n gbé e lọ sí Shangisha, lẹ́yìn náà wọ́n gbé e lọ sí ọgbà ẹ̀wọ̀n Bauchi. Ó gbé Ọ̀gágun Abacha àti àwọn òṣìṣẹ́ aláàbò lọ sí kóòtù. Ìjọba ní òfin ológun ti gba agbára lọ́wọ́ kóòtù láti gbọ́ irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀. Ọjọ́ 28, oṣù kẹrin, 2000 ni ilé-ẹjọ́ tó ga jùlọ dá ẹjọ́ náà. Wọ́n sọ pé Àdéhùn Áfíríkà lórí Ẹ̀tọ́ Ọmọ Ènìyàn, tí Nàìjíríà sọ di òfin ní 1983, lágbára ju àwọn òfin ìlú yòókù lọ, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ìwé òfin ilẹ̀ wa ṣì ni olórí. Títí di òní, àwọn lọ́yà ń fi ẹjọ́ náà gbèjà àwọn tó wà ní àtìmọ́lé.

Bó ṣe rí ní Amẹ́ríkà

Àwọn ẹbí wa pọ̀ lọ́hùn-ún, ó sì yẹ kí wọ́n mọ èyí. Òfin kan tí wọ́n ṣe ní 1871 fún èèyàn láyè láti pe òṣìṣẹ́ ìjọba ìpínlẹ̀ tó tẹ ẹ̀tọ́ rẹ̀ lójú lẹ́jọ́. Ní 1994, nínú ẹjọ́ Heck àti Humphrey, ilé-ẹjọ́ gíga wọn sọ pé ẹlẹ́wọ̀n tí ìdájọ́ ẹ̀bi rẹ̀ ṣì dúró kò lè gba owó lórí rẹ̀. Ní 1996, wọ́n ṣe òfin pé ẹlẹ́wọ̀n gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fi ẹjọ́ rẹ̀ sùn láàárín ọgbà ẹ̀wọ̀n dé òpin kó tó lọ sí kóòtù ìjọba àpapọ̀. Ọ̀pọ̀ ẹjọ́ ló ti ṣubú torí pé ẹlẹ́wọ̀n kò kọ ìwé ìfisùn náà lásìkò.

Lọ́jọ́ 4, oṣù kẹrin, 2022, nínú ẹjọ́ Thompson àti Clark, adájọ́ 6 nínú 9 gbà pé ẹni tí wọ́n fi àránkàn pè lẹ́jọ́ kò nílò ìwé tó sọ pé kò mọwọ́-mẹsẹ̀. Ó ti tó bí ẹjọ́ náà bá parí láìsí ìdájọ́ ẹ̀bi. Ní 2024, wọ́n tún fi kún un pé bí ẹ̀sùn kan bá ní ìdí, ìyẹn nìkan kò sọ ẹ̀sùn èké tí wọ́n so mọ́ ọn di òótọ́.

Ẹ má jẹ́ kí àkókò kọjá

Níbí ni ọ̀pọ̀ ìdílé ti ń pàdánù. Òfin tó ń dáàbò bo àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ní Nàìjíríà fún èèyàn ní oṣù 3 péré láti pe òṣìṣẹ́ lẹ́jọ́ lórí ohun tó ṣe lẹ́nu iṣẹ́. Fún ẹjọ́ àránkàn, ọjọ́ tí kóòtù dá ẹni náà láre ni kíkà bẹ̀rẹ̀. Òfin náà ro ti ẹlẹ́wọ̀n mọ́ ọn: bí ohun náà bá ṣẹlẹ̀ nígbà tí èèyàn ń ṣẹ̀wọ̀n lẹ́yìn ìdájọ́ ẹ̀bi, ó lè pẹjọ́ láàárín oṣù 3 lẹ́yìn tó bá jáde. Àwọn kóòtù ti sọ pé òṣìṣẹ́ tó fi èrò ibi ṣiṣẹ́ kò lè sá sábẹ́ òfin náà, ṣùgbọ́n a kì í fi iná sórí òrùlé sùn. Ẹ tètè lọ.

Ọ̀nà kejì wà. Ìlànà ìgbèjà ẹ̀tọ́ ọmọ ènìyàn ti 2009 kò fi gbèdéke àkókò dí ẹnikẹ́ni lọ́wọ́. Ó sọ pé kí kóòtù yan ọjọ́ ìgbẹ́jọ́ láàárín ọjọ́ 7 tí wọ́n bá ti gba ìwé ẹ̀bẹ̀. Ó tún gbà kí ẹlòmíràn pẹjọ́ lórúkọ ẹni tó wà látìmọ́lé. Abala 35 nínú ìwé òfin 1999 sì sọ pé ẹni tí wọ́n mú tàbí tì mọ́lé lọ́nà àìtọ́ gbọ́dọ̀ gba owó gbà-má-bínú, kí wọ́n sì tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀ ní gbangba.

Ohun tí ìdílé lè ṣe

- Ẹ mọ̀ pé kò yẹ kí wọ́n tìtorí gbèsè, owó ilé tàbí owó àjọ mú ẹnikẹ́ni. Òfin ọlọ́pàá ti 2020 sọ bẹ́ẹ̀ gbangba.
- Láti Ìlasàn, kóòtù kò jìnnà tó kìlómítà 40. Nítorí náà, ọjọ́ kan ni ìwé òfin fún ọlọ́pàá láti gbé ẹni tí wọ́n mú dé iwájú adájọ́, tàbí kí wọ́n fún un ní béèlì.
- Ẹni tí wọ́n mú lè dákẹ́ títí yóò fi bá lọ́yà rẹ̀ tàbí ẹni tó bá yàn sọ̀rọ̀. Kó má fọwọ́ sí ìwé tí kò lè kà.
- Ẹ kọ orúkọ òṣìṣẹ́ àti nọ́ńbà tó wà láyà aṣọ rẹ̀ sílẹ̀, pẹ̀lú ọjọ́ àti wákàtí. Bí wọ́n bá nà án, ẹ gba ìwé dókítà kí ọgbẹ́ tó jinná.
- Lọ́jọ́ tí kóòtù bá dá a láre, ẹ béèrè ẹ̀dà ìdájọ́ náà tí kóòtù lu òǹtẹ̀. Láìsí i, òpó kejì kò dúró.
- Ẹni tí kò lówó lọ́yà lè lọ sí Legal Aid Council, sí Office of the Public Defender ti ìjọba Èkó, tàbí sí àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí ẹ̀tọ́ ọmọ ènìyàn. Ẹgbẹ́ àwọn lọ́yà Mùsùlùmí, MULAN, náà wà.

Yorùbá ní a kì í ti kóòtù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́, ìyẹn sì ń mú ọ̀pọ̀ èèyàn fọwọ́ lẹ́rán. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká rántí Ànábì Yúsúfù, kí ọlà Ọlọ́hun máa bá a. Ẹ̀sùn èké ló gbé e dé ẹ̀wọ̀n. Nígbà tí ọba ránṣẹ́ pé kó jáde, kò sáré jáde. Ó dá ìránṣẹ́ padà pé kí wọ́n kọ́kọ́ wádìí ọ̀rọ̀ àwọn obìnrin yẹn. Ìgbà tí òtítọ́ hàn tí orúkọ rẹ̀ sì mọ́ ló tó jáde. Kí èèyàn bọ́ lẹ́wọ̀n dára, ṣùgbọ́n kí wọ́n wẹ orúkọ rẹ̀ mọ́ kí ó tó padà sáàárín àwọn ọmọ rẹ̀ àti àwọn aládùúgbò rẹ̀, ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni pẹ̀lú.

Kí Ọlọ́hun tú àwọn tí wọ́n tì mọ́lé láìṣẹ̀ sílẹ̀, kó sì má fi ẹ̀sùn èké dán ìdílé wa wò. Àmín.