Ọwọ́ tí kò ní orúkọ

Orókún òsì ni ó mú mi mọ ohun tí wọ́n ń pè ní Reiki. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2022, ọyẹ́ mú gidigidi ní Ìgàngàn, orókún náà sì ń dùn mí tó bẹ́ẹ̀ tí n kò fi lè dọ̀bálẹ̀ kí ìyá ìyàwó mi bí ó ti yẹ. Ọwọ́ ni mo fi kan ilẹ̀, mo sì ń tọrọ gáfárà. Àbúrò ìyàwó mi, tí ó ti ń ṣe iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní Lọ́ńdọ̀nù láti nǹkan bí ogún ọdún, wá sílé fún ọdún Kérésìmesì. Ó wò mí títí, ó ní, 'Bọ̀dá mi, ẹ jẹ́ kí n gbé ọwọ́ lé e fún yín. N kò ní fi nǹkan kan pa á, n kò sì ní wọ́ ọ.'

Mo mọ àwọn tí ń to eegun láti kékeré. Mo mọ àdín àgbọn àti òrí, mo sì mọ omi ìyè inú ìgò. Ọwọ́ tí kò mú nǹkan kan dání, tí kò sì tẹ ènìyàn lára, ni n kò tíì rí rí. Mo gbà fún un.

Ó ní kí n dùbúlẹ̀ lórí ẹní ní pálọ̀, kí n má wulẹ̀ bọ́ aṣọ. Ó gbé àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì sí mi lójú, lẹ́yìn náà ó gbé wọn sí orí, sí àyà, sí ikùn, kí ó tó wá dé orókún. Ó ń pẹ́ níbi kọ̀ọ̀kan tó ìṣẹ́jú mẹ́ta sí márùn-ún. Nígbà mìíràn ọwọ́ náà kò tilẹ̀ kàn mí. Ó kàn dúró lókè ara mi ni. Kò sọ̀rọ̀ rárá. Ooru bẹ̀rẹ̀ sí í wọ̀ mí lára, igbe ewúrẹ́ lẹ́yìn fèrèsé wá ń dún bí ohun tí ó wà ní ọ̀nà jíjìn, oorun sì gbé mi lọ. Nígbà tí mo jí, ìrora náà ti dín kù. N kò ní purọ́: ó dín kù. Nígbà tí yóò fi di ọ̀sán ọjọ́ kejì, ó ti padà.

Ìyá ìyàwó mi, tí ó ti lé ní ọgọ́rin ọdún, jókòó tì wá láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Kò béèrè bóyá ó ṣiṣẹ́. Ohun tí ó bi ọmọ rẹ̀ ni pé, 'Orúkọ ta ni o fi gbé ọwọ́ lé ọkọ ẹ̀gbọ́n rẹ?' Ọmọ fèsì pé kò sí orúkọ kankan nínú rẹ̀, pé agbára kan ni ó wà káàkiri ayé tí ó ń gba ọwọ́ ènìyàn kọjá. Ìyá mi orí. 'Ọwọ́ tí kò ní orúkọ,' ni ó wí, ó sì dìde lọ wo ọbẹ̀ rẹ̀ lórí iná.

Ìbéèrè ìyá yìí kò kúrò lọ́kàn mi, nítorí pé ìtàn gígùn wà nínú rẹ̀. Ẹni tí ó dá Reiki sílẹ̀, Mikao Usui, ni a bí ní Jàpáànù ní ọdún 1865. A gbọ́ pé ààwẹ̀ ọjọ́ mọ́kànlélógún ni ó gbà lórí Òkè Kurama, nítòsí Kyoto, kí agbára náà tó bà lé e. Ní ọdún 1922 ó dá ẹgbẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ ní Tokyo. Nígbà tí ilẹ̀ mì tìtì ní ìlú náà ní ọdún 1923, ó gbé ọwọ́ lé ọ̀pọ̀ àwọn tí ó fara pa. Ó sì kú ní ọdún 1926. Chujiro Hayashi, tí ó ti jẹ́ ọ̀gágun ojú omi, gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ rẹ̀. Obìnrin kan láti Hawaii, Hawayo Takata, tí àìsàn gbé lọ sí Jàpáànù ní ọdún 1935, kọ́ ọ lọ́dọ̀ Hayashi. Òun ni ó gbé e wọ ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ibẹ̀ ni ó sì ti tàn dé Yúróòpù, títí ó fi kan nọ́ọ̀sì tí ó gbé ọwọ́ lé mi.

Òkè, ààwẹ̀, agbára tí ó bà lé ènìyàn: Yorùbá wo ni yóò gbọ́ èyí tí yóò sọ pé àjèjì ni? Àwọn kan nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa yóò tilẹ̀ sáré pe agbára náà ní àṣẹ. N kò fara mọ́ ọn. Ẹnu ni ilé àṣẹ. Ọlọ́fọ̀ kì í dákẹ́, bẹ́ẹ̀ ni aládùúrà kì í dákẹ́. Ìdákẹ́jẹ́ nọ́ọ̀sì yẹn gan-an ni ó bí ìbéèrè ìyá.

Ní ọdún 1922 kan náà tí Usui dá ẹgbẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀, Joseph Ṣadare àti àwọn ènìyàn rẹ̀ ya kúrò nínú ìjọ Áńgílíkà ní Ìjẹ̀bú-Òde. Àjàkálẹ̀ àrùn ọdún 1918 ni ó bí ẹgbẹ́ wọn, Ẹgbẹ́ Òkúta Iyebíye. Àrùn yìí pa ènìyàn lọ bẹẹrẹ, àwọn ilé ìwòsàn kò rí i ṣe, ìjọba sì ti ṣọ́ọ̀ṣì pa. Ní àkókò náà ni ọ̀dọ́bìnrin kan, Sophia Ọdúnlámì, jáde wá tí ó ní òun gbọ́ ohùn, pé omi òjò àti àdúrà ni kí a fi wo àrùn náà. Ní ọdún 1930, Joseph Ayọ̀ Babalọlá, tí ó ti ń wa ọkọ̀ tí a fi ń tẹ ojú ọ̀nà, fi agogo, omi àti àdúrà kó ogunlọ́gọ̀ jọ sí Òkè Ooye ní Iléṣà. Gbogbo wọn ni wọ́n ní orúkọ tí wọ́n ń pè.

Ṣùgbọ́n ibi tí ọ̀rọ̀ ti wá di ìjà kì í ṣe orí orúkọ. Orí kuiníìnì ni. Àwọn òyìnbó ìjọ Àpọ́sítélì tí àwọn aládùúrà pè láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì wá, tí wọ́n dé ní ọdún 1931, gbà pé Ọlọ́run ń wo aláìsàn sàn, síbẹ̀ wọ́n ń lo kuiníìnì nítorí ibà. Babalọlá, Odùbánjọ àti Akínyẹlé, ẹni tí ó wá jọba Olúbàdàn ní ọdún 1955, kò gba èyí láàyè: bí ọwọ́ bá tó, kí ni a tún ń fi oògùn ṣe? Ọ̀rọ̀ náà wà lára ohun tí ó pín wọn níyà, tí orúkọ Christ Apostolic Church fi wọ ìwé ìjọba ní ọdún 1943. Mo máa ń bọ̀wọ̀ fún ìdúróṣinṣin àwọn àgbà yìí. Síbẹ̀ n kò lè ka ìtàn náà bí ẹni tí kò kàn.

Ní ọdún 1979, ibà mú àbúrò mi obìnrin, ọmọ ọdún méje. Ìjọ tí bàbá mi ń lọ nígbà náà kì í gba oògùn. Kì í ṣe èyíkéyìí nínú àwọn tí mo dárúkọ, n kò sì ní dárúkọ rẹ̀. Òru mẹ́ta ni bàbá mi fi jókòó tì í. Bí ó bá ti gbé ọwọ́ lé e níwájú orí, ọmọ náà yóò dákẹ́ ẹkún, èémí rẹ̀ yóò sì rọlẹ̀. Mo rí i. Ọwọ́ yẹn tù ú, ìtura náà ni ó sì tan gbogbo wa jẹ. Ilé ìgboògùn kò jìnnà sí wa ju ìrìn ogún ìṣẹ́jú lọ. Ó kú ní òwúrọ̀ ọjọ́ kẹrin. Bàbá mi kì í ṣe ìkà. Títí ó fi kú, kò tún gbé ọwọ́ lé ọmọ kankan lórí mọ́, àní láti súre fún un.

Mo sọ ìtàn yìí fún àbúrò ìyàwó mi ní alẹ́ ọjọ́ náà. Nọ́ọ̀sì ni, kò jiyàn. Ó ní òun kì í sọ fún ẹnikẹ́ni pé kí ó pa oògùn tì. Èmi náà wá sọ ti Emily Rosa fún un, ọmọ Amẹ́ríkà kan tí ó ṣe ìdánwò fún mọ́kànlélógún nínú àwọn tí ń ṣe irú iṣẹ́ kan tí ó fara jọ Reiki. Ó fi pátákó dí wọn lójú, ó ní kí wọ́n sọ èwo nínú ọwọ́ wọn méjèèjì ni ọwọ́ tòun wà lókè rẹ̀. Nínú ìgbà 280, 123 ni wọ́n gbà, èyí tí kò tó ìdajì. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni nígbà tí ó bẹ̀rẹ̀. Ìwé ìròyìn àwọn oníṣègùn Amẹ́ríkà tẹ̀ ẹ́ jáde ní ọdún 1998. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, 'Bọ̀dá mi, ṣùgbọ́n ẹ sùn.'

Òótọ́ ni, mo sùn. Ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín ohun tí ó tu ni lára àti ohun tí ó wo ni sàn kò sì ṣe àjèjì ní Ìbàràpá. Ní Ìdèrè, tí kò jìnnà sí Ìgàngàn, sòbìà kò jẹ́ kí àgbẹ̀ lè dé oko nígbà tí iṣẹ́ bá dé. Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé inú ara ni a bí sòbìà mọ́ ènìyàn. Ọwọ́ sùúrù ni wọ́n fi ń yí kòkòrò náà mọ́ igi díẹ̀díẹ̀ bí ó ti ń jáde lẹ́sẹ̀, ọwọ́ yẹn sì ṣe pàtàkì, nítorí bí ó bá já sínú, ó di wàhálà. Ṣùgbọ́n kì í ṣe òun ni ó lé sòbìà lọ. Àwọn olùwádìí láti Yunifásítì Ìbàdàn, tí ó ti ń rán akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn wá gbé ní Ìgbò-Ọrà láti ọdún 1963, bá àwọn ará ìlú jókòó, wọ́n ṣàlàyé pé inú omi adágún tí a ń mu ni ó ti ń wá. Aṣọ tí a fi ń sẹ́ omi àti omi kànga ni ó parí iṣẹ́ náà. Ọdún 2008 ni a rí aláìsàn sòbìà ìkẹyìn ní Nàìjíríà, ní ọdún 2013 sì ni Àjọ Ìlera Àgbáyé jẹ́rìí sí i pé ó ti tán.

Àmọ́, kí ni aṣọ ìsẹ́mi fẹ́ ṣe fún aládùúgbò ìyá ìyàwó mi? Láti òru ọjọ́ 5 mọ́jú ọjọ́ 6 oṣù Kẹfà ọdún 2021, tí àwọn apànìyàn ya wọ Ìgàngàn, tí wọ́n pa ènìyàn, tí wọ́n sì sun ilé àti ààfin Aṣígàngàn, obìnrin yìí kò sùn dáadáa mọ́. Bí alùpùpù bá dún lóru, yóò dìde. Nígbà tí ó gbọ́ pé ọwọ́ kan wà nílé wa tí ń mú oorun wá, ó wọlé ní ọ̀sán, ó ní kí wọ́n bá òun náà gbé e. Ó sùn lórí ẹní fún wákàtí méjì gbáko. A kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni jí i. A lé àwọn ọmọ jáde, a sì ń sọ̀rọ̀ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́. N kò mọ oògùn tí ìbá ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ fún un ní ọjọ́ náà.

Ní ọjọ́ tí àbúrò ìyàwó mi ń padà sí Lọ́ńdọ̀nù, ìyá pè é. Ó ní èjìká òun ń ro òun, pé kí ó gbé ọwọ́ náà wá. 'Ìwọ máa dákẹ́ tìrẹ,' ni ó wí, 'èmi yóò pe orúkọ náà fúnra mi.' Ọmọ gbé ọwọ́ lé èjìká ìyá rẹ̀, kò sọ nǹkan kan. Ìyá di ojú, ètè rẹ̀ ń mì. Èmi, tí mo ti lọ ya fọ́tò orókún mi ní ilé ìwòsàn ní ọ̀sẹ̀ yẹn, jókòó sí ẹnu ọ̀nà, mo ń wò wọ́n. Nígbà tí ìyá la ojú, ó ṣe Àmín, ó sì ní kí wọ́n bá òun gbé oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru òun wá láti orí tábìlì, pé àkókò rẹ̀ ti kọjá.