Ọ̀nà Èkó sí Àgbádárìgì

Kí títì tó dé, ojú omi ni àwọn baba wa nínú ìgbàgbọ́ ń gbà. Ní oṣù Kíní ọdún 1845 ni àwọn Àlùfáà Gollmer, Townsend àti Crowther gúnlẹ̀ sí Àgbádárìgì. Ikú Ṣódẹkẹ́ àti ogun dí ọ̀nà Abẹ́òkúta mọ́ wọn fún ọdún kan àti ààbọ̀. Nígbà tí Gollmer sì ṣí lọ sí Èkó ní ọdún 1852, ọ̀sà náà ni ọ̀nà.

Láàárín ọdún 1970 sí 1980 ni a la títì gbòòrò náà láti Ìgànmú, kọjá Orílé, Mile 2, Festac àti Òkòkòmáíkò, títí dé Àgbádárìgì àti ibodè Sẹ̀mẹ̀. Àbàtà di ìgboro. Ẹni tí ó bá ti há sínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Mile 2 rí lè wí pé ọkọ̀ àjẹ̀ yá jù ú lọ!

Ní ọdún 2009 a bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ̀ ẹ́. Ilé àti ìsọ̀ púpọ̀ ni a wó, àwọn tí ń gbé ibẹ̀ sì fọ́n ká. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2023 ni ọkọ̀ ojú irin bẹ̀rẹ̀ sí í ná Mile 2 sí Marina.

Ẹ̀yin àlùfáà àlejò wa, bí ẹ bá dé Àgbádárìgì, ẹ wo ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àwọn míṣọ́nnárì tí a kọ́ parí ní ọdún 1845. Ọ̀sà ni ó kọjú sí títí di òní.