Níbo ni wárápá ti ń bẹ̀rẹ̀ nínú ọpọlọ? Bí àwọn dókítà ṣe ń wá ojú ibẹ̀ láti ọdún 1886

Ní ọjọ́ 25, oṣù Karùn-ún, ọdún 1886, dókítà oníṣẹ́ abẹ kan tó ń jẹ́ Victor Horsley la agbárí ọ̀dọ́kùnrin ẹni ọdún 22 kan ní ilé ìwòsàn Queen Square nílùú London. Kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́ṣin ló gbá ọ̀dọ́kùnrin náà nígbà tó wà lọ́mọdé, tí egungun orí rẹ̀ sì fọ́ wọnú. Nígbà tó yá, wárápá bẹ̀rẹ̀ sí í dá a wólẹ̀. Horsley rí àpá náà lórí ọpọlọ, ó sì gé e kúrò. Nígbà tó fi máa kọ ìròyìn iṣẹ́ náà lọ́dún kan náà, wárápá ò tíì padà.

Oríire ọkùnrin yìí ni pé àpá wà lórí agbárí rẹ̀ tó júwe ibi tó yẹ kí wọ́n là. Ọ̀pọ̀ ẹni tó ní wárápá ni kò ní irú àpá bẹ́ẹ̀. Bí dókítà bá sì gé ibi tí kò yẹ, ọ̀rọ̀ ẹnu, ìrántí tàbí agbára ọwọ́ lè bá a lọ, kí wárápá sì wà níbẹ̀ síbẹ̀.

Ẹni tó ń wo àtàǹpàkò

John Hughlings Jackson wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí Horsley ṣiṣẹ́ abẹ náà. Dókítà yìí ò ní ẹ̀rọ kankan lọ́wọ́. Ojú ló fi ń wo aláìsàn, etí ló fi ń gbọ́ àlàyé wọn. Ó ṣàkíyèsí pé lára àwọn kan, àtàǹpàkò ni gìrì ti máa ń bẹ̀rẹ̀, á gun apá, á dé ojú. Èyí ló jẹ́ kó sọ pé ibì kan pàtó nínú ọpọlọ ni irú wárápá bẹ́ẹ̀ ti ń ṣẹ́ná, kó tó ràn bí iná pápá lásìkò ọyẹ́.

Ní ọdún 1924, Hans Berger, dókítà kan ní ìlú Jena ní Jámánì, rí iná mànàmáná inú ọpọlọ èèyàn gbà sílẹ̀ láti orí. Ó tẹ̀ ẹ́ jáde lọ́dún 1929. Ibẹ̀ ni àyẹ̀wò EEG ti wá, tí wọ́n máa ń lẹ wáyà mọ́ awọ orí. Àǹfààní rẹ̀ pọ̀, àmọ́ egungun orí ń dí i lọ́wọ́. Ó dà bí ẹni tó dúró lẹ́yìn ògiri agbo ilé tó ń gbọ́ ariwo: ó mọ̀ pé ìjà ń lọ, kò mọ yàrá tó ti bẹ̀rẹ̀.

Wilder Penfield ní ìlú Montreal, ní Kánádà, yàn láti wọ inú ilé lọ. Ọpọlọ fúnra rẹ̀ kì í mọ ìrora, nítorí náà awọ orí nìkan ni Penfield ń kùn lóògùn, aláìsàn á wà lójú ayé. Yóò fi iná kékeré kan ibì kan lórí ọpọlọ, yóò béèrè ohun tí aláìsàn ń rí tàbí tó ń gbọ́, yóò sì fi bébà kékeré tó ní nọ́ńbà sàmì síbẹ̀. Ní Paris, Jean Talairach àti Jean Bancaud fi tiwọn kún un: wáyà tín-ín-rín ni wọ́n ń tì bọ inú ọpọlọ lọ́hùn-ún. Ṣùgbọ́n ta ló fẹ́ kí wọ́n lu ihò sí orí òun láìmọ apá ibi tí wọ́n ń lọ?

Àwòrán kan kò tó

Ẹ̀rọ CT ya àwòrán ọpọlọ aláìsàn àkọ́kọ́ ní London ní ọjọ́ 1, oṣù Kẹwàá, ọdún 1971. Lẹ́yìn rẹ̀ ni MRI dé, tó ń lo òòfà, tó sì ń rí àpá kéékèèké tí CT kì í rí. Àwọn kan rò pé ọ̀rọ̀ ti parí. Kò parí. MRI ẹlòmíì mọ́ kedere, síbẹ̀ wárápá kò fi í sílẹ̀. MRI ẹlòmíì fi àpá méjì hàn, kò sì sọ èyí tó jẹ̀bi nínú méjèèjì.

Nígbà tó di ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980, àwọn onímọ̀ ní yunifásítì UCLA ní Los Angeles ń lo ẹ̀rọ PET. Wọ́n á fún aláìsàn ní ṣúgà tó ní èròjà onítànṣán díẹ̀, ẹ̀rọ á sì fi ibi tí ọpọlọ ti ń jẹ ṣúgà hàn. Ohun tí wọ́n rí yà wọ́n lẹ́nu: nígbà tí wárápá ò bá sí, ibi tó ti ń bẹ̀rẹ̀ máa ń jẹ ṣúgà kéré sí ibòmíì. Wàhálà ibẹ̀ ni pé ibi tó ṣókùnkùn nínú àwòrán náà sábà máa ń fẹ̀ ju orísun wárápá lọ.

Ti SPECT le jù. Ẹnì kan á jókòó ti aláìsàn pẹ̀lú abẹ́rẹ́, á máa retí wárápá. Bó bá ti ń bẹ̀rẹ̀ báyìí, á gún abẹ́rẹ́ náà, èròjà inú rẹ̀ á bá ẹ̀jẹ̀ lọ síbi tí iṣẹ́ ti pọ̀ jù nínú ọpọlọ, á sì dúró síbẹ̀ títí wọ́n á fi ya àwòrán. Bí abẹ́rẹ́ bá pẹ́ díẹ̀, ibi tí wárápá ràn dé ló máa hàn, kì í ṣe ibi tó ti wá.

Ní Mayo Clinic ní Amẹ́ríkà, Terence O'Brien àtàwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ wá ọgbọ́n sí i. Wọ́n ya SPECT nígbà wárápá, wọ́n ya òmíì lọ́jọ́ tí ara balẹ̀. Kọ̀ǹpútà yọ èkejì kúrò nínú ti àkọ́kọ́, ó sì gbé ohun tó ṣẹ́kù lé orí MRI aláìsàn náà, bí ìgbà tí èèyàn fi àmì sórí máàpù ìlú. Nínú èsì tí wọ́n gbé jáde lọ́dún 1998, nínú aláìsàn 51, ọ̀nà yìí júwe ibì kan pàtó fún 45. Nígbà tí wọ́n kàn gbé àwòrán méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, tí wọ́n sì fi ojú wò wọ́n, 20 péré ni wọ́n rí ti wọn sọ. Ẹ̀rọ tuntun kọ́ ló mú ìyàtọ̀ yìí wá. Wọ́n kàn to àwọn àwòrán tó ti wà tẹ́lẹ̀ lé ara wọn ni.

Ohun tó jẹ mọ́ Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà

Àjọ ìlera àgbáyé, WHO, sọ pé nǹkan bíi mílíọ̀nù 50 èèyàn ló ní wárápá, àti pé ìdá 80 nínú ọgọ́rùn-ún wọn ló wà láwọn orílẹ̀-èdè tí owó tó ń wọlé kò pọ̀. Oògùn lè mú un rọlẹ̀ fún ọ̀pọ̀ wọn. Àwọn tí oògùn ò ràn ni ọ̀rọ̀ iṣẹ́ abẹ kàn. Ìwádìí kan ní Kánádà, tó jáde lọ́dún 2001, fi hàn pé lẹ́yìn ọdún kan, ìdá 58 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tí wọ́n yàn fún iṣẹ́ abẹ ló bọ́ lọ́wọ́ wárápá tó ń dani láyé rú, nígbà tó jẹ́ ìdá 8 péré láàárín àwọn tó ń lo oògùn nìkan.

Àmọ́ agbára èròjà PET tí wọ́n ń pò mọ́ ṣúgà náà máa ń dín sí ìdajì láàárín ìṣẹ́jú 110. Ó di dandan kí ibi tí wọ́n ti ń ṣe é wà nítòsí, ìdí nìyẹn tí PET fi ṣọ̀wọ́n gidi ní apá ibí yìí. Ní Togo, Benin àti Burkina Faso, CT lásán ti wúlò púpọ̀, torí pé aràn ẹlẹ́dẹ̀ tó wọ ọpọlọ wà lára ohun tó ń fa wárápá níbẹ̀, CT sì lè rí i. Ẹyin aràn tó ti inú ìgbẹ́ èèyàn bọ́ sínú oúnjẹ tàbí omi ló ń gbé e wọlé. Ìfófòó ẹnu aláìsàn, tí ọ̀pọ̀ èèyàn láti Nàìjíríà dé Gánà ṣì ń sá fún títí di òní, kì í ran ẹnikẹ́ni.

Kí wọ́n tó gbé aláìsàn sínú ẹ̀rọ kankan, ní London tàbí ní Accra, ìbéèrè Jackson ni dókítà ṣì máa kọ́kọ́ bi ẹni tó wà níbẹ̀: ọwọ́ wo ló kọ́kọ́ gbọ̀n, ibo ni ojú yí sí? Àwọn ẹbí kan ti ń fi fóònù ya fídíò rẹ̀ wá báyìí.