Bí a ṣe lè tọpasẹ̀ ìdílé tó ti wà láti ọ̀rúndún kọkàndínlógún ní Ilé-Ifẹ̀

Kò sí ìdílé kan ní Ilé-Ifẹ̀ tí kò ní ìtàn tó ń sọ nípa ara rẹ̀. Wọ́n ní oríkì, wọ́n ní orúkọ agbo ilé, wọ́n sì lè fi ọwọ́ júwe ibi tí wọ́n sin bàbá ńlá wọn sí. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọ̀rọ̀ bá di ti oyè, tó di ti ilẹ̀, tàbí tí àlejò kan bá ti Amẹ́ríkà dé tó ń béèrè ilé tí wọ́n ti kó baba ńlá òun lẹ́rú, ìbéèrè kan ni gbogbo ènìyàn máa ń bi ara wọn: ibo ni wọ́n kọ ọ́ sí? Ìdáhùn rẹ̀ kò rọrùn, nítorí pé àkọsílẹ̀ nípa ìdílé Yorùbá ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún kò sí lójú kan. Ó fọ́n káàkiri láti Ìbàdàn dé Èkó, láti Freetown dé London.

Ìkànìyàn kò dé Ifẹ̀ nígbà náà

Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé ìwé ìkànìyàn ni ó yẹ kí àwọn kọ́kọ́ wá. Èyí rí bẹ́ẹ̀ fún ọmọ Gẹ̀ẹ́sì, kò rí bẹ́ẹ̀ fún ọmọ Ifẹ̀. Èkó ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ti kọ́kọ́ ka ènìyàn ní ilẹ̀ Yorùbá, ní 1866, ọdún márùn-ún lẹ́yìn tí wọ́n gba ìlú náà. Ènìyàn 25,083 ni wọ́n kà. Wọ́n tún kà á ní 1871, ní 1881 àti ní 1891. Iye tó jáde fún ìlú Èkó ní 1891 ni 32,508. Ìgbà tó di 1911 ni ìkànìyàn tó gbòòrò ṣẹ̀ṣẹ̀ kan ìhà Gúúsù Nàìjíríà lápapọ̀. Ohun tí ìjọba sì ń wá nínú gbogbo rẹ̀ ni iye: ọkùnrin mélòó, obìnrin mélòó, ẹlẹ́sìn wo ló pọ̀ jù. Kì í ṣe orúkọ ìdílé ni wọ́n tẹ̀ jáde.

Ti Amẹ́ríkà yàtọ̀. Láti 1790 ni wọ́n ti ń ka ènìyàn níbẹ̀ ní ọdún mẹ́wàá mẹ́wàá. Títí di 1840, orúkọ olórí ilé nìkan ni wọ́n ń kọ. Láti 1850 ni wọ́n ti ń kọ orúkọ gbogbo ẹni tó jẹ́ òmìnira, lọ́mọdé lágbà. Ní ti àwọn ẹrú, ìwé ọ̀tọ̀ ni wọ́n fi wọ́n sí ní 1850 àti 1860, lábẹ́ orúkọ olówó wọn; ọjọ́ orí, akọ tàbí abo, àti àwọ̀ ara ni wọ́n kọ, wọn kì í sábà kọ orúkọ. Ìkànìyàn 1870, lẹ́yìn tí òwò ẹrú ti di èèwọ̀ níbẹ̀, ni àkọ́kọ́ tí a ti lè rí orúkọ gbogbo aláwọ̀ dúdú. Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ ọmọ Amẹ́ríkà aláwọ̀ dúdú fi ń kọsẹ̀ ní 1870, bí ẹni tó kan ògiri. Ìlú Ọba ní tiwọn ń kọ orúkọ ará ilé láti 1841, ṣùgbọ́n ọgọ́rùn-ún ọdún ni wọ́n fi ń ti ìwé náà pa. Oṣù kìíní 2022 ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí ti 1921 fún ará ìlú.

Ìlú tó tú lẹ́ẹ̀mejì

Ẹni tó bá fẹ́ tọpasẹ̀ ìdílé Ifẹ̀ ní láti mọ̀ pé ìlú náà kò dúró sójú kan ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún. Lẹ́yìn tí Ọ̀yọ́ Ilé fọ́, àwọn ọmọ Ọ̀yọ́ tí ogun lé dé Ifẹ̀, Ọọ̀ni Abeweila sì fún wọn ní ibùdó tiwọn, èyí tó di Mọdákẹ́kẹ́. Ní 1849, ìjà bẹ́ sílẹ̀ láàrin wọn, Ifẹ̀ tú, àwọn ènìyàn rẹ̀ sá lọ sí Ìṣọ̀yà. 1854 ni wọ́n tó padà. Ní 1882, nígbà tí ogun Kírìjí ń lọ lọ́wọ́, ìlú náà tún tú, kò sì di ibùgbé mọ́ títí di 1894. Láàrin ọdún méjìlá yìí, ọmọ Ifẹ̀ wà ní Ìṣọ̀yà, wọ́n wà ní Òkè-Igbó, wọ́n sì wà ní àwọn abúlé oko. Àwọn ará Mọdákẹ́kẹ́ náà tọ́ ìyà irú rẹ̀ wò ní 1909, nígbà tí wọ́n tú ká lọ sí Gbọ̀ngán, Ìkirè, Òdeòmu àti àwọn ìlú mìíràn, kí wọ́n tó padà ní nǹkan bí ọdún 1921 sí 1922.

Ohun tí èyí túmọ̀ sí ni pé bí ìdílé kan bá ń sọ pé àwọn kò kúrò lójú ilẹ̀ kan láti ayébáyé, ó yẹ kí olùwádìí béèrè pé: ní 1882, ta ló wà níbẹ̀? Bákan náà, ẹni tí ìtàn rẹ̀ dá dúró sí Òkè-Igbó lè jẹ́ ọmọ Ìlódè, Ìrẹmọ, Mọ̀ọ̀rẹ̀, Òkèrèwè tàbí Ìlàrè ní Ifẹ̀, tí àwọn òbí rẹ̀ kò padà sílé nígbà tí ogun parí.

Ibi tí àwọn ìwé wà

Ibi àkọ́kọ́ tó sún mọ́ ọmọ Ifẹ̀ ni ilé ìpamọ́ ìwé ìjọba, ìyẹn National Archives, tó wà nínú ọgbà Yunifásítì Ìbàdàn. Ọ̀jọ̀gbọ́n Kenneth Dike ni ó ṣe wàhálà rẹ̀. Ní 1954 ni wọ́n dá ọ́fíìsì náà sílẹ̀, òfin tó fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ sì jáde ní 1957. Ibẹ̀ ni ìwé àwọn ọ́fíìsì ìjọba amúnisìn ní ilẹ̀ Yorùbá wà, títí kan ti Ẹkùn Ifẹ̀: ìwé ẹ̀bẹ̀ tí àwọn ìdílé kọ sí ajẹ́lẹ̀, ìwádìí lórí oyè, ọ̀rọ̀ owó orí, àti ẹjọ́ ilẹ̀. Ọ̀rúndún ogún ni wọ́n kọ púpọ̀ nínú wọn, ṣùgbọ́n àwọn àgbà tó ń sọ̀rọ̀ nínú wọn ni a bí ní ọ̀rúndún tó ṣáájú. Arúgbó tó jẹ́rìí ní 1915, tó ní òun ti jẹ́ ọmọkùnrin tó ń gbé ẹrù nígbà tí Ifẹ̀ tú, ń sọ ohun tó ṣojú rẹ̀.

Ibi kejì ni London. Nínú ilé ìpamọ́ ìwé ìjọba Gẹ̀ẹ́sì tó wà ní Kew, àkójọ tí wọ́n ń pè ní CO 147 ni ó gbé lẹ́tà àwọn gómìnà Èkó. Àdéhùn àlàáfíà 1886 tó fẹ́ parí ogun Kírìjí kan Ifẹ̀ àti Mọdákẹ́kẹ́ gbọ̀ngbọ̀n, nítorí ó sọ pé kí àwọn ará Mọdákẹ́kẹ́ kó lọ sí ilẹ̀ tó wà láàrin odò Ọ̀ṣun àti odò Ọbà. Ìrìn àjò Ọọ̀ni Adélékàn Olúbùṣe sí Èkó ní 1903, lórí ọ̀rọ̀ adé Ẹlẹ́pẹ, wà nínú ìwé ìkéde ìjọba pẹ̀lú.

Ibi kẹta ni ọwọ́ àwọn ìjọ. Ìwé àwọn míṣọ́nnárì CMS wà ní Yunifásítì Birmingham. Àwọn òṣìṣẹ́ wọn, tí ọ̀pọ̀ jẹ́ ọmọ Yorùbá fúnra wọn, máa ń kọ ìròyìn ojoojúmọ́ ránṣẹ́: ẹni tó ṣe ìrìbọmi, ẹni tó kú, ẹni tí wọ́n rà padà lóko ẹrú. Ní Èkó, òfin ìforúkọ ìbí àti ikú ti wà láti 1863, òfin ìgbéyàwó sì jáde ní 1884. Ìwé ìhágún àti ìwé ilẹ̀ tún wà ní kóòtù àti ọ́fíìsì ìjọba níbẹ̀. Ọmọ Ifẹ̀ tí ogun gbé dé Èkó lè wà nínú wọn.

Ibi kẹrin ni Sàró. Láti 1808 ni ọkọ̀ ogun ojú omi Gẹ̀ẹ́sì ti ń gba àwọn ẹrú sílẹ̀ lójú òkun, tí wọ́n sì ń kó wọn lọ sí Freetown. Wọ́n kọ orúkọ wọn sínú ìwé, pẹ̀lú ọjọ́ orí, gíga àti àmì ara. Àwọn onímọ̀ ti kó orúkọ 91,491 láti inú irú àwọn ìwé bẹ́ẹ̀, ti Freetown àti ti Havana, sórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́. Òjó, Àìná, Àjàyí, Dàda: orúkọ àmútọ̀runwá wọ̀nyí ṣì hàn kedere nínú wọn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé bí akọ̀wé ṣe gbọ́ ọ ló ṣe kọ ọ́. Ìgbà tó di 1875 ni CMS ṣe ìpàdé lórí bí a ó ṣe máa kọ èdè Yorùbá ní ìlànà kan. Nítorí náà, orúkọ kan ṣoṣo lè wà ní ọ̀nà márùn-ún tàbí mẹ́fà nínú ìwé tó ṣáájú ìgbà náà.

Samuel Àjàyí Crowther ni àpẹẹrẹ tí gbogbo ènìyàn mọ̀. Wọ́n kó o ní Òṣógùn ní 1821, wọ́n gbà á sílẹ̀ lójú òkun ní 1822, wọ́n sì ṣe ìrìbọmi fún un ní 1825. Ní 1846, ó rí ìyá rẹ̀, Àfàlà, ní Abẹ́òkúta. Ọdún méjì lẹ́yìn náà ni ìyá náà ṣe ìrìbọmi, tó di Hannah. Ẹni tó bá ń wá "Àfàlà" nìkan nínú ìwé ìjọ yóò rìn kọjá lára rẹ̀.

Ohun tí ìwé fi hàn nípa ìdílé Vaughan

Ìdílé kan wà tí ìtàn rẹ̀ fi bí àkọsílẹ̀ ṣe ń ṣiṣẹ́ hàn ju gbogbo rẹ̀ lọ. Scipio Vaughan jẹ́ ẹrú oníṣẹ́ ọwọ́ ní Camden, ìpínlẹ̀ South Carolina, ó sì kú ní 1840. Ìtàn ìdílé sọ pé ọmọ Ẹ̀gbá ni, láti Abẹ́òkúta, àti pé lórí ibùsùn ikú ló ti sọ fún àwọn ọmọ rẹ̀ pé kí wọ́n padà sílé. Ọmọ rẹ̀, James Churchwill Vaughan, tí wọ́n bí ní 1828, lọ sí Làìbéríà, ó sì bá àwọn míṣọ́nnárì Onítẹ̀bọmi dé ilẹ̀ Yorùbá ní 1855. Ó la ogun Ìjàyè já, ó gbé ní Abẹ́òkúta títí di 1867 tí wọ́n lé àwọn òyìnbó àti onígbàgbọ́ jáde, ó sì wá di oníṣòwò ńlá ní Èkó, níbi tó kú sí ní 1893. Dókítà J. C. Vaughan, ọ̀kan nínú àwọn tó dá ẹgbẹ́ ọ̀dọ́ olóṣèlú sílẹ̀ ní Èkó ní 1934, àti Lady Kófowórọlá Adémọ́lá wà lára ìran rẹ̀. Àwọn ìbátan wọn ní Amẹ́ríkà kò sì gbàgbé wọn. Ìwé ìròyìn Ebony kọ ìtàn ìdílé náà jáde ní 1975.

Nígbà tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Lisa Lindsay, onímọ̀ ìtàn ní Amẹ́ríkà, wá àwọn ìwé jọ, tó sì tẹ ìwé rẹ̀ Atlantic Bonds jáde ní 2017, ọ̀pọ̀ nínú ìtàn náà dúró gbọn-in. Scipio gbé ayé lóòótọ́. Nítorí pé òmìnira ni ìyá wọn, àwọn ọmọ rẹ̀ wà lára àwọn tí ìkànìyàn 1850 gbọ́dọ̀ kọ lórúkọ. Lẹ́tà míṣọ́nnárì fi ìrìn àjò Churchwill hàn. Ṣùgbọ́n ibi tó jẹ́ ọkàn ìtàn náà, pé ọmọ Abẹ́òkúta ni Scipio, kò rí ẹsẹ̀ dúró. Ìṣirò lásán tilẹ̀ tó láti fi yẹ̀ ẹ́ wò: ní 1830 ni wọ́n tẹ Abẹ́òkúta dó, Amẹ́ríkà sì ti fòfin de kíkó ẹrú wọlé láti Áfíríkà láti 1808. Ẹrú tó ti wà ní Camden ṣáájú kò lè ti ìlú tí kò tíì sí wá.

Ìyẹn kò sọ ìdílé náà di òpùrọ́. Ohun tí ìtàn ìdílé pa mọ́ ni ohun tó ṣe pàtàkì sí wọn: pé bàbá fẹ́ kí àwọn ọmọ òun kúrò nílẹ̀ ìnira, àti pé ọmọ kan ṣe bẹ́ẹ̀. Orúkọ ìlú ni wọ́n lè fi kún un lẹ́yìn, nígbà tí ilé wọn ti di ilẹ̀ Yorùbá ní tòótọ́.

Nígbà tí ìtàn bá dé kóòtù

Irú àtúnyẹ̀wò yìí náà ni kóòtù ń ṣe. Nínú ẹjọ́ Ìdúndún àti Òkúmàgbà, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ Nàìjíríà ka ọ̀nà márùn-ún sílẹ̀ ní 1976 tí ènìyàn lè gbà fi hàn pé òun ló ni ilẹ̀. Ìtàn ìṣẹ̀dálẹ̀ ni àkọ́kọ́, ìwé ilẹ̀ sì jẹ́ èkejì. Bí ìtàn ìdílé méjì bá wá takora ńkọ́? Ẹjọ́ Kojo àti Bonsie, tó ti ilẹ̀ Ghana lọ sí London ní 1957, ni àwọn adájọ́ wa ń tẹ̀ lé. Ó sọ pé kí adájọ́ má wo bí ẹlẹ́rìí ṣe mọ ọ̀rọ̀ sọ, nítorí àwọn tó ń sọ ọ́ kò sí níbẹ̀ nígbà náà. Kí ó fi ìtàn méjèèjì wé ohun tó ṣẹlẹ̀ láìpẹ́ tí ẹ̀rí wà fún, kí ó sì mọ èyí tó súnmọ́ òtítọ́ jù. Ní ìlú bí Ifẹ̀, níbi tí ọ̀rọ̀ ìṣákọ́lẹ̀ ti wà lára ohun tó fa ìjà tó gbẹ̀mí ènìyàn láti 1997 sí 2000, ìwé kan láti 1920 lè wọ̀n ju ẹlẹ́rìí mẹ́wàá lọ.

Ibi tó yẹ kí ènìyàn ti bẹ̀rẹ̀

Ọ̀dọ̀ àwọn àgbà ló yẹ kí ìwádìí ti bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe ọ̀dọ̀ ìwé. Ẹ béèrè orúkọ agbo ilé àti àdúgbò, ẹ gba oríkì orílẹ̀ sílẹ̀, ẹ bi wọ́n ní èèwọ̀ ìdílé àti ìlà ojú. Bí wọn kò bá mọ ọdún, ẹ bi wọ́n ní ohun tó ṣẹlẹ̀ nígbà náà: ogun Ìjàyè jẹ́ 1860 sí 1862, Kírìjí bẹ̀rẹ̀ ní 1877, Ọọ̀ni Adélékàn Olúbùṣe jọba láti 1894 sí 1910, àjàkálẹ̀ àrùn Lúkúlúkú sì jẹ́ 1918. Lẹ́yìn èyí, ẹ ka ìran kọ̀ọ̀kan sí nǹkan bí ọdún 25 sí 30, kí ẹ wò ó bóyá ó bá a mu. Nígbà náà ni ẹ tó lè gbé orúkọ àti ọdún yìí lọ sí Ìbàdàn, sí ilé ìjọsìn, sí Èkó, tàbí sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹ wá orúkọ náà ní gbogbo ọ̀nà tí òyìnbó lè gbà kọ ọ́, ẹ sì kọ nọ́ńbà fáìlì tí ẹ ti rí i sílẹ̀, kí ẹlòmíràn lè yẹ̀ ẹ́ wò.

Àwọn àgbà tó lè so orúkọ inú ìwé mọ́ ilé tó wà ní Ìlódè tàbí Mọdákẹ́kẹ́ kò pọ̀ mọ́. Fáìlì Ìbàdàn lè dúró de ènìyàn fún ọdún mìíràn. Àwọn àgbà kò lè dúró bẹ́ẹ̀.