Ilé-ẹ̀kọ́ Kan, Ọ̀tẹ̀ Méjì: Àìná Ọnàbólú àti Àwọn Ayàwòrán Alárokò ti Paris

Académie Julian ní Paris ni àwọn ọ̀dọ́ ayàwòrán kan ti dá ẹgbẹ́ Nabis sílẹ̀ ní 1888. Èdè Hébérù ni orúkọ náà, "àwọn wòlíì" ni ìtumọ̀ rẹ̀. Ìyekan ni òun àti Ànábì tó wà lẹ́nu Mùsùlùmí Yorùbá. Àwòrán tó kó wọn jọ kò ju 27 sẹ̀ǹtímítà lọ ní gíga. Paul Sérusier ló yà á sórí pákó pẹlẹbẹ ní Pont-Aven, tí Paul Gauguin ń tọ́ ọ sọ́nà: igi tó bá pọ́n bí ìyeyè lójú rẹ̀, kó fi ọ̀dà tó pọ́n bí ìyeyè jù lọ kùn ún, òjìji tó bá fara jọ aró, kó di aró paraku. Igbó, odò àti ilé wá di àbùlẹ̀ ọ̀dà. Wọ́n sọ ọ́ ní Tírà.

Monet àtàwọn Impressionist ẹgbẹ́ rẹ̀ ń lé ìmọ́lẹ̀ tí ojú rí. Gauguin, Sérusier àti Odilon Redon kọ ìyẹn: lójú tiwọn, àrokò ni àwòrán. Ẹni tó gba owó ẹyọ méjì tó kọjú síra kì í wo ẹwà owó, iṣẹ́ tí wọ́n fi rán sí i ló ń wá.

Láàrin 1920 sí 1922, Àìná Ọnàbólú, ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde tí wọ́n bí ní 1882, kẹ́kọ̀ọ́ ní London, ó sì dé Académie Julian kan náà. Nígbà yẹn, ayàwòrán Picasso ti kọ jíjọ sílẹ̀ ní tirẹ̀: ó ti ya Les Demoiselles d'Avignon láti 1907, ọdún tó lọ wo ère Áfíríkà ní mùsíọ́mù Trocadéro. Síbẹ̀, Ọnàbólú kò mú èyíkéyìí nínú àwọn ọ̀nà tuntun wọ̀nyí bọ̀ wá sí Èkó. Àwòrán ojú ènìyàn tó jọ onítọ̀hún ló mú bọ̀, irú èyí tó ti ya fún Ìyáàfin Spencer Savage ní 1906, nígbà tó ṣì ń kọ́ ara rẹ̀.

Kíka èyí sí ìfàsẹ́yìn kò tọ̀nà. Ní Paris, jíjọ ni àṣẹ tí àwọn àgbà olùkọ́ gbé kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ lọ́rùn, kíkọ̀ ọ́ sì ni ọ̀tẹ̀. Ní Èkó, jíjọ gan-an ni òyìnbó amúnisìn ní ọwọ́ adúláwọ̀ kò lè tó. Ẹni tó bá ṣe é ti dìtẹ̀.

Kenneth Murray, olùkọ́ òyìnbó tó dé ní 1927 nítorí akitiyan Ọnàbólú, fẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ dojú kọ iṣẹ́ ọnà ìbílẹ̀. Ọnàbólú kò yẹsẹ̀. Bí ohun tó jìnnà ṣe ń kéré lójú ló ń kọ́ wọn, títí wọ́n fi sọ ọ́ ní Mr Perspective.

Ayàwòrán Yusuf Grillo, ọmọ Èkó, wà lára ẹgbẹ́ Zaria Art Society tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1958. Àwọ̀ aró ló fi ń kun ara obìnrin Yorùbá, ọrùn gùn, gèlè ga. Ó rọrùn fún un láti fi jíjọ sílẹ̀, nítorí Ọnàbólú ti gba ẹjọ́ yẹn rò, ó sì jàre.